Pod mẹ́rìnlá lára rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo

Rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, tó kọ́ mi lọ́gbọ́n nípa pod, ìyẹn ara kékeré tí a ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ńlá rọ́kẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà, kò wúwo ju gíráàmù 70 lọ. Mo kùn ún ní pupa, mo sì sọ ọ́ ní Àkùkọ nítorí àwọn ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tí mo lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri: òmíràn lórí ìyẹ́ ńlá, òmíràn létí rẹ̀, òmíràn sì nàró lókè bí ogbe. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà, pod mẹ́rìnlá ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo fi í han àbúrò mi obìnrin, ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé rọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ń yà ni, àbí ìdì ẹyìn?"

Mi ò dá a lóhùn. Kọ̀ǹpútà ti sọ fún mi pé Àkùkọ máa gòkè dé mítà 140, àti pé lẹ́yìn tí iná ẹ́ńjìnnì bá ti kú, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 ló máa fi sáré lọ sókè kí eré rẹ̀ tó tán. Mo bá fi ẹ́ńjìnnì C6-3 sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é tipẹ́ mọ̀ pé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ́ńjìnnì máa ń dákẹ́ lẹ́yìn tí agbára rẹ̀ bá tán, kó tó ta páráṣúùtì jáde.

Àkùkọ gbéra, ó lọ fíì. Ìṣẹ́jú àáyá 3 pé, páráṣúùtì jáde, ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣì ń sáré lọ sókè ni. Okùn páráṣúùtì méjì já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá ń bọ̀ wálẹ̀ ní ìdajì ìdajì, bí aṣọ tí ìjì já lórí okùn, ìyẹ́ kan sì kán nígbà tó balẹ̀. Mo tún un ṣe, mo fi C6-5 sí i, mo sì fi òǹwọ̀n gíga kékeré kan sínú rẹ̀. Mítà 201 ló kà.

Láti 140 sí 201 kì í ṣe àṣìṣe tí èèyàn lè di ru afẹ́fẹ́ tàbí ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo purọ́ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà sì gbà mí gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe purọ́ náà. Sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ OpenRocket ni mo fi ń ya rọ́kẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì ń ṣírò bó ṣe máa fò. Ọ̀fẹ́ ni. Sampo Niskanen ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó wà nínú iṣẹ́ tó fi gba oyè másításì ní Helsinki ní 2009. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun gbogbo tí èèyàn bá yà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà kan: imú, ọ̀pá, ìyẹ́, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé nǹkan kọ́ ẹ̀gbẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì, orí ara rẹ̀ ló máa fi ṣírò rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀dà 22.02 dé la tó rí pod gbà. Pod ni odidi ara kékeré tó dúró gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ńlá. Ó lè ní imú tirẹ̀, ọ̀pá tirẹ̀, ìyẹ́ tirẹ̀, kódà ó lè ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ máa sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ máa sọ bó ṣe jìnnà sí àárín tó àti igun tó máa dúró sí, kọ̀ǹpútà á tò wọ́n yíká fún yín.

Inú mi dùn sí i bí ọmọdé tí wọ́n ra òòlù fún. Ẹ sì mọ ohun tí ọmọ tó ní òòlù máa ń ṣe.

Nínú sọ́fítíwíà yìí, ìyẹ́ kan kò lè dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ rí ara kan tó máa dì mọ́, kò sì ka ìyẹ́ mìíràn sí ara. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìyẹ́ kékeré wà létí ìyẹ́ ńlá, ẹ máa fi pod síbẹ̀, ẹ máa fi ọ̀pá kan sínú pod náà, ẹ ó wá lẹ ìyẹ́ kékeré mọ́ ọ̀pá yẹn. Ọ̀pá náà kò ní sí lára rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa fọwọ́ kàn. Ọ̀pá iwin ni mo máa ń pè é. Ọgbọ́n gidi ni, mo ṣì ń dá a títí dòní.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ojú wa nìkan ni ọ̀pá náà jẹ́ iwin sí. Ní ti kọ̀ǹpútà, páálí gidi ni. Kí n lè máa rí wọn dáadáa lójú kọ̀ǹpútà, mo fi fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mìlímítà 8. Kò sí imú lórí ìkankan, ojú wọn pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ ń gbá wọn lójú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ojú ọ̀pá tó fẹ̀ ní mìlímítà 8 jẹ́ nǹkan bíi 50 ní mìlímítà onígun mẹ́rin. Ọ̀nà mẹ́rìnlá rẹ̀ jẹ́ 700. Ojú ara Àkùkọ fúnra rẹ̀, tó fẹ̀ ní mìlímítà 41.6, kò ju 1,360 lọ. Ìyẹn ni pé mo ti fi ohun tó ju ìdajì ara rọ́kẹ́ẹ̀tì kún un láti kojú afẹ́fẹ́, ohun tí kò sí níbì kankan. Kò yani lẹ́nu pé kọ̀ǹpútà rò pé kò lè gòkè tó bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lórí ọ̀pá iwin kọ̀ọ̀kan, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín kọ ìwúwo rẹ̀ sí òdo, kí ẹ sì kọ Cd rẹ̀, iye tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á sẹ́yìn tó, sí òdo. Kí ẹ sì sọ ọ́ di tín-ín-rín. Ẹ ṣọ́ra fún àpótí kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, èyí tó ń béèrè bóyá kí ohun tí ẹ kọ náà ran gbogbo ohun tó so mọ́ ọ̀pá náà. Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan láìwò, àwọn ìyẹ́ mi náà wá di òdo, Àkùkọ sì wá di rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń fò lọ sókè bí àdúrà.

Nígbà tí mo tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, pod mẹ́ta péré ni mo nílò nínú mẹ́rìnlá. Àwọn yòókù jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí kò tó gíráàmù kan lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wà nídìí àwọn ìyẹ́ ńlá. Ẹyọ ìwúwo kan tí mo gbé síbi tó yẹ ti tó láti dúró fún gbogbo wọn. Ṣé mo fẹ́ kí àwòrán náà jọ rọ́kẹ́ẹ̀tì mi ni, àbí mo fẹ́ kó fò bíi tirẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì, àkókò tó pọ̀ ni mo sì ti fi ṣòfò nídìí èkíní.

Àwọn pod tí kì í ṣe iwin wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì mi tó tẹ̀ lé Àkùkọ ni Ìbejì. Ó ní pod méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àbúrò mi ló kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé sí wọn lára pẹ̀lú bírò, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí n tó gé páálí kankan, mo jókòó ṣe ìṣirò náà lórí ìwé, nítorí ojú ti tì mí nídìí kọ̀ǹpútà.

Nǹkan méjì ni mò ń wá. CG ni ibi tí ẹ lè gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì lé ìka kan tí kò ní tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. CP ni ibi tí gbogbo títì tí afẹ́fẹ́ ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ papọ̀ sí, bí ẹni pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń tì í. CP gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn CG. Nítorí rẹ̀ ni ọfà fi ń ní irin lórí, ìyẹ́ nídìí. Àlàfo tó wà láàárín wọn, fífẹ̀ ara rọ́kẹ́ẹ̀tì la fi ń wọ̀n ọ́n, a sì ń pè é ní kálíbà. Èmi kì í fẹ́ kó dín ní 1, bó bá sì ti ń kọjá 2 lọ, mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ máa yí orí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

James Barrowman, tó ń ṣiṣẹ́ ní NASA, ló gbé ọ̀nà tí a fi ń ṣírò CP wá sọ́dọ̀ àwa onírọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké ní 1966. Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí ni pé apá kọ̀ọ̀kan lára rọ́kẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó, àti ibi tí nọ́ńbà náà jókòó sí. Nọ́ńbà imú jẹ́ 2, ì báà ṣóńṣó, ì báà rí roboto. Ọ̀pá tó dúró gbọọrọ jẹ́ òdo, bí rọ́kẹ́ẹ̀tì kò bá tí ì tẹ̀ púpọ̀. Ìyẹ́ ló máa ń ní nọ́ńbà ńlá.

Ìbejì láìsí pod: imú, 2, ní sẹ̀ǹtímítà 7 láti ṣóńṣó orí. Ìyẹ́ ìdí mẹ́rin, 10, ní sẹ̀ǹtímítà 55. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ fi 12 pín in: CP wà ní sẹ̀ǹtímítà 47. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ gíráàmù 150 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, CG rẹ̀ wà ní 40. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 7 lára ọ̀pá tó fẹ̀ ní 4.16 jẹ́ nǹkan bíi kálíbà 1.7. Ó dára gan-an.

Wàyí o, pod náà ní imú. Imú rẹ̀ náà ní 2 tirẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dín in kù bí pod ṣe kéré sí ara ńlá tó: ẹ fi fífẹ̀ ara ńlá pín fífẹ̀ pod, ẹ sọ èsì náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ọ̀pá Táíwò àti Kẹ́hìndé fẹ̀ ní mìlímítà 24.8. Èsì rẹ̀ jẹ́ 0.71 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, 1.42 fún àwọn méjèèjì. Mo ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Pod méjì tí mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta nínú mẹ́rin imú rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Bí mo bá gbé wọn síwájú, tí nọ́ńbà wọn jókòó sí sẹ̀ǹtímítà 20, CP á sún láti 47 wá sí 44.1. Mo pàdánù sẹ̀ǹtímítà 3 torí ẹwà.

Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn nìyí: "Ti pod sẹ́yìn, wàhálà ti parí." Èmi náà tì í sẹ́yìn, imú wọn bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 47, nọ́ńbà wọn jókòó sí 50. CP padà sí 47.3. Mo ti fẹ́ pa ìwé dé kí n tó rántí pé pod náà ní ìwúwo. Gíráàmù 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, páálí, imú, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà.

Nígbà tí wọ́n wà níwájú, ìwúwo wọn fa CG síwájú dé 38.2, àlàfo sì jẹ́ kálíbà 1.4. Nígbà tí mo tì wọ́n sẹ́yìn, CG náà bá wọn lọ sẹ́yìn dé 42.3, àlàfo sì jẹ́ 1.2. Ẹ rí i? Títì sẹ́yìn tí gbogbo wa gbà pé òun ni oògùn tún mú nǹkan burú sí i díẹ̀ lára rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. CP nìkan ni wọ́n ń wò, wọn ò wo CG. Nọ́ńbà yín lè yàtọ̀ sí tèmi o. Bí pod yín bá fúyẹ́ gan-an, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì yín sì wúwo, títì sẹ́yìn lè jàre. Ẹ sáà ṣírò méjèèjì.

Àbúrò mi ló wá béèrè ìbéèrè tó yẹ kí n bi ara mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a ò ní fi ẹ́ńjìnnì sí Táíwò àti Kẹ́hìndé ni? Kí wọ́n máa yọ iná lẹ́ẹ̀kan náà?"

Mo fi ẹ́ńjìnnì C6 kọ̀ọ̀kan sínú wọn lórí ìwé, gíráàmù 24 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, nídìí pátápátá. CG fò lọ sí 46.9. CP ṣì wà ní 47.3. Kálíbà 0.1 ló kù. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí àlàfo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ibi tó bá wù ú ló máa kọjú sí. Kí n tó lè gbà á là, mo ní láti fi ìyẹ́ sára pod fúnra wọn. Mo fi nọ́ńbà 3 dánra wò ní sẹ̀ǹtímítà 63, CP wá sí 50.2, kálíbà wá sí 0.8, mi ò sì tí ì ka ìwúwo àwọn ìyẹ́ ọ̀hún mọ́ ọn. Ó kù kí n tún fi ìwúwo sí imú. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹ fi pod sí i, pod béèrè ìyẹ́, ìyẹ́ béèrè ìwúwo níwájú, ìwúwo béèrè ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo sì ní ìdí mìíràn tí pod mi fi ṣófo. Láti àárín Ìbejì dé àárín pod jẹ́ mìlímítà 33. Ẹ́ńjìnnì C6 lè tì tó Newton 14 níbi tó ti le jù lọ. Bí ti Táíwò bá tàn tí ti Kẹ́hìndé kò tàn, bí ẹni tí wọ́n fi gbogbo agbára tì ní èjìká kan ni rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣe máa yí, nígbà tí kò tíì ní eré tí ìyẹ́ fi lè gbà á. Àwọn ńlá máa ń ṣe é: R-7 tó gbé Sputnik lọ ní 1957 ní mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, Falcon Heavy tó kọ́kọ́ fò ní 2018 ní méjì. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ń darí iná wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Tèmi, bó bá ti kúrò lórí irin ìtọ́sọ́nà, ó di ọwọ́ ìyẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sún wọn mọ́ àárín bó ṣe lè tó, kó sì kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tún rántí pé nínú OpenRocket, pod kì í já bọ́. Bó bá fẹ́ kí wọ́n já lójú òfuurufú bíi ti Falcon Heavy, booster ló máa yà, kì í ṣe pod.

Pod kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láìsí ìkejì rẹ̀? Mi ò kí í ṣe é. Ọkọ̀ Space Shuttle gbé ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń yí ojú láti bá ìwúwo náà mu. Ìṣirò Barrowman tí gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé, orí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó dọ́gba yíká ni wọ́n kọ́ ọ lé. Bí ẹ bá gbé pod kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ti jáde nínú ohun tí ìṣirò náà ń sọ, nọ́ńbà á ṣì máa jáde lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kọ̀ǹpútà kò ní sọ fún yín. Kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níwájú nǹkan kan. Ìyẹ́ ìdí tó wà lẹ́yìn pod gan-an, afẹ́fẹ́ tí pod ti dà rú ló ń bá a, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò, afẹ́fẹ́ tútù ni. Nítorí náà mo yí Táíwò àti Kẹ́hìndé sí àárín àlàfo ìyẹ́, igun 45 sí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, bí ẹ bá tẹ pod wọ inú ara ńlá dé ìdajì, kí ó lè dà bí ẹni pé ó yọ jáde lára rẹ̀, ìdajì tó ti rì sínú ṣì wà nínú ìṣirò. Bí ẹ bá sì gbé e jìnnà sí ara láìyà igi tó so wọ́n pọ̀, ó máa fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì yín láìsí ohun tó dì í mú, kọ̀ǹpútà kò sì ní bi yín léèrè.

Mo sì tún máa ń rí pod níbi tí kò ti yẹ kó wà rárá. Ẹni kan fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi, ó fi pod ṣe àwọn ọ̀pá roboto tí wọ́n ń lò dípò ìyẹ́, nígbà tí sọ́fítíwíà náà ti ní ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Ẹlòmíràn fi pod gbé bátìrì tó wà nínú ọ̀pá, nítorí kò sí ní àárín gbùngbùn. Ohun tó wà nínú, ẹ fi í sílẹ̀ nínú; ẹyọ ìwúwo tí ẹ fi síbẹ̀ ṣeé sún kúrò láàárín. Afẹ́fẹ́ kò rí bátìrì yẹn, kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi í hàn án?

Irọ́ kan wà ṣá tí mo fara mọ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kúkúrú tó sanra, tí gígùn rẹ̀ kò tó ìlọ́po mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀, sábà máa ń dúró dáadáa lójú òfuurufú ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ, torí ìdí rẹ̀ tó fẹ̀ ń fà á sẹ́yìn, ìṣirò Barrowman kò sì ka ìyẹn sí ohun tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ohun tí àwọn onírọ́kẹ́ẹ̀tì ń ṣe ni pé wọ́n á fi kóònù kan sí ìdí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ṣóńṣó rẹ̀ á kan ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ á kọjú sẹ́yìn. Fífẹ̀ ẹnu kóònù náà á bá ti ọ̀pá dọ́gba, gígùn rẹ̀ á jẹ́ ìlọ́po 3.14 fífẹ̀ náà. Fún ọ̀pá mi tó fẹ̀ ní mìlímítà 41.6, gígùn kóònù á jẹ́ 131. Pod kan ṣoṣo, ní àárín gbùngbùn, tó jìnnà ní òdo, ni mo máa ń gbé e sí. Ìwúwo òdo, Cd òdo. Ọ̀pá iwin ni òun náà, àmọ́ iwin tó ń ṣiṣẹ́ ni, torí CP nìkan ló wà fún. Ẹ má ṣe fi í sí rọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn o. Mo mọ ẹni tó ń fi í sí gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí nọ́ńbà á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Níbi tí ọwọ́ ti kan páálí, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Kí pod dúró gbọọrọ pẹ̀lú ara ńlá ló ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá yẹ̀ ní igun 2 péré, lórí pod tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, orí rẹ̀ á ti yẹ̀ ní mìlímítà 7, ẹ sì ti fi ìyẹ́ tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀ sára rọ́kẹ́ẹ̀tì yín. Mo máa ń gbé ọ̀pá méjèèjì sínú irin onígun tí mo fi ń fa ìlà, kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Igi balsa pẹlẹbẹ ni mo fi so wọ́n, mo sì ha ọ̀dà kúrò níbi tí gọ́ọ̀mù máa gbà. Mo dí iwájú àti ẹ̀yìn pod. Ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ là síwájú tí ìdí rẹ̀ dí, agolo tí a fi ń gbọ́n afẹ́fẹ́ ló jẹ́.

Kí Ìbejì tó fò, mo so okùn mọ́ ọn níbi CG, mo fì í yíká orí mi bí ẹni ń fi kànnàkànnà. Ìgbà àkọ́kọ́ ó kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni fẹ́ yí ìdí síwájú. Mo fi gíráàmù 8 amọ̀ sí imú, ó sì kọjú síbi tó ń lọ. Lórí ìwé, kálíbà 1.2 tí mo ní tẹ́lẹ̀ yẹ kó tó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé Táíwò àti Kẹ́hìndé lé òṣùwọ̀n lẹ́yìn tí ọ̀dà gbẹ, gíráàmù 17 àti 16 ni mo bá, kì í ṣe 12. Ọ̀dà ni. Mo kun ún lẹ́ẹ̀mẹta nítorí mo fẹ́ kó dán.

Ó ti fò lẹ́ẹ̀marùn-ún báyìí pẹ̀lú D12-5. Kẹ́hìndé ti já kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ nígbà tó balẹ̀, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Àbúrò mi ti ya tirẹ̀ báyìí, pod mẹ́fà ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn níwájú. Mo ní kó lọ gé ọ̀kan, kó kùn ún, kó sì gbé e lé òṣùwọ̀n. Ó ní ọ̀dà ṣì tutù.